Ìgbà wo gan-an ni ọ̀kadà yín máa ń ṣe wàhálà?

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ ọ̀kadà náà dáadáa. Ṣé àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ló ń yọ yín lẹ́nu, àbí ìgbà tó bá gbóná tán? Ṣé ó ń kú tí ẹ kò bá yí tọ́rọ́tù (ọwọ́ tí ẹ fi ń fún un níná), àbí orí eré ló ti ń fà sẹ́yìn? Ohun tí ẹ bá rí ni yóò sọ ibi tí ẹ máa tú. Ẹni tó kàn ń yí ṣúkúrù kiri lè sọ àìsàn kan di mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì four-stroke oníkábúrétọ̀, onípístìnì kan, ni mò ń sọ o.

Plọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gùn ún díẹ̀, tó sì ti tutù. Tí imú rẹ̀ bá ní àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, kò sí wàhálà níbẹ̀. Tó bá dúdú tó sì gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù: ẹ wò ó bóyá fílítà afẹ́fẹ́ ti dí, tàbí ṣóòkì kò padà sí àyè rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá rin ín, ríìngì ara pístìnì tàbí síìlì fáfù ló ti jẹ (fáfù ni ìlẹ̀kùn tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tí èéfín sì ń gbà jáde). Èyí tó funfun ló léwu jù, torí epo kò tó, ooru sì lè yọ́ orí pístìnì. Ẹ má gùn ún lọ jìnnà bẹ́ẹ̀. Àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì sábà máa ń wà láàárín 0.6 sí 0.8 mm.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́ọ̀sì epo lára kábúrétọ̀, kí ẹ kì í bọ inú ike, kí ẹ ṣí táàpù. Kí iná kankan má sí nítòsí. Epo gbọ́dọ̀ máa dà láìdáwọ́ dúró. Tó bá ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Tó bá tún dà ṣùú, ihò afẹ́fẹ́ inú ìdérí yẹn ló ti dí. Òun ló ń pa ọ̀kadà lójú ọ̀nà, tó bá sinmi díẹ̀, á tún jí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra kábúrétọ̀ tuntun nítorí ihò kékeré yìí!

Tó bá wá di ti kábúrétọ̀, bí ẹ ṣe yí tọ́rọ́tù tó ló máa tọ́ka ibi tí àléébù wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé bí ìdá kan nínú mẹ́rin, pilot jet ni, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà tí tọ́rọ́tù bá ṣí díẹ̀. Àárín jẹ́ ti abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀. Tó bá ti kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, main jet ni, ìyẹn ihò tí epo ń gbà tí tọ́rọ́tù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán. Pilot jet ló máa ń dí jù, pàápàá tí epo bá pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀: ihò tín-ín-rín àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ roboto. Ẹ má fi wáyà irin gún un, torí á fẹ ihò náà. Oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Kí ẹ tó tú ṣúkúrù afẹ́fẹ́, ẹ rọra yí i wọlé títí á fi kan ìdí, kí ẹ ka iye ìyípo rẹ̀, kí ẹ lè dá a padà síbẹ̀.

Fáfù ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, tí àmì T (èyí tó ń fi hàn pé pístìnì ti dé òkè) wà ní ojú rẹ̀, tí apá fáfù méjèèjì sì ń mì díẹ̀, ni kí ẹ wọn àlàfo fáfù. Lórí Honda CG125, 0.08 mm ni. Èyí tó ń pariwo ṣákáṣáká sàn ju èyí tó fún jù lọ, torí èyí tó fún kì í pa dé dáadáa: á máa ṣòroó ṣáná tó bá gbóná, iná á sì máa jó ẹnu fáfù.

Tí gbogbo èyí bá pé, ẹ wọn kọ̀ǹpíréṣàn, ìyẹn bí pístìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, kí tọ́rọ́tù ṣí tán. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí tíì kan sí ihò plọ́ọ̀gì, kí ẹ tún wọn ọ́n. Tó bá gòkè, ríìngì ló ti jẹ. Tí kò bá gòkè, fáfù tàbí gáàsíkẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ó sì ní láti ṣí orí ẹ́ńjìnnì.