Rífà kì í mú iṣu tutù: ohun tó yẹ ká ṣe kí ẹrù tó kúrò ní Ọ̀fà

Ẹ bá àwọn tó ń kó oúnjẹ lọ sókè òkun sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ẹ ó gbọ́ ọ pé, “Ṣáà ti gba rífà, ọkàn ẹ á balẹ̀.” Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Rífà, ìyẹn kọ̀ńténà tó ní ẹ̀rọ òtútù nídìí, wọn ò ṣe é láti sọ nǹkan gbígbóná di tútù. Òtútù tó bá bá lára ẹrù ló ń tọ́jú. Iṣu tó bá wọlé ní dígíríì 30 lè lo ọjọ́ mélòó kan kí àárín rẹ̀ tó tutù dé 14. Ní gbogbo àsìkò yẹn, iṣu ń mí, ó ń tú ooru àti omi jáde, èyí tó sì ní egbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ rántí ariwo ọdún 2017, tí ìjọba àpapọ̀ fi ayẹyẹ kó iṣu ránṣẹ́ láti Àpápá, tí ìròyìn sì gbòde lẹ́yìn náà pé lára iṣu tó dé Amẹ́ríkà ti bàjẹ́.

Láti oko ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Iṣu tí ọkọ́ bá bó lára, tàbí tí wọ́n jù sẹ́yìn ọkọ̀ bí igi ìdáná, egbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ san kó tó rí òtútù, nítorí kì í san mọ́ nínú òtútù. Ohun tó ń wo egbò iṣu sàn ni ooru bíi dígíríì 29 sí 32, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin, ìdá 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún, fún ọjọ́ mẹ́rin sí méje. Kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ to iṣu jọ sábẹ́ ibòji, ẹ gé koríko tútù bò ó kó nípọn dáadáa, ẹ wá ta tapólì lé koríko náà lórí. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́rin. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ fi èékánná ha ojú egbò kọ̀ọ̀kan: èyí tó ti san á gbẹ, á sì le. Èyí tó bá ṣì ń yọ omi, ẹ tà á nílé. Ẹ má ṣàánú rẹ̀ rárá, nítorí iṣu kan tó jẹrà nínú páálí á kó bá àwọn tó yí i ká.

Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù. Omi ń sáré jẹ́ kó mọ́, ṣùgbọ́n ó ń wọnú egbò. Iyẹ̀pẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kù lára iṣu: àwọn aláyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn lókè òkun lè tìtorí rẹ̀ dá gbogbo ẹrù dúró.

Ní ti ìwọ̀n òtútù, dígíríì 13 sí 15 ni iṣu ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bó bá ṣe tutù sí i ni yóò ṣe pẹ́ sí i. Bí iṣu bá pẹ́ nísàlẹ̀ 12, inú rẹ̀ á dúdú, ara rẹ̀ á rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní rí i lójú ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn. Ó di ìgbà tó bá dé ṣọ́ọ̀bù oníbàárà, tí ooru kàn án, kí àléébù tó yọjú. Ànàmọ́ Ọ̀fà náà ń fẹ́ 13 sí 15, nítorí náà òun àti iṣu lè jọ wọ kọ̀ńténà kan. Ata rodo ò lè bá wọn lọ: 7 sí 10 ni tirẹ̀.

Ibi tí owó ńlá ti ń ṣègbé ni orí ìwé tí a fi ń gba kọ̀ńténà. Ẹ kọ “+13°C”, ẹ kọ àmì ìròpọ̀ yẹn síwájú, ẹ sì kọ C (ìyẹn Celsius) sí i. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi àmì ìyọkúrò síwájú 13 ti sọ iṣu di yìnyín. Ẹni tó bá kọ 13 lásán, tí wọ́n kà á sí Fahrenheit, òdiwọ̀n ooru tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ti béèrè fún nǹkan bíi −10.5°C. Ihò tí afẹ́fẹ́ ìta ń gbà wọnú kọ̀ńténà náà, ní iye mítà onígun mẹ́ta fún wákàtí kan ni kí ẹ béèrè fún un, kì í ṣe ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ìdá kan náà lórí ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ kan náà.

Ẹ wo ilẹ̀ inú rífà dáadáa. Irin tó ní ojú-ìlà gígùn ni, afẹ́fẹ́ tútù ń gba abẹ́ rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ wá síbi ilẹ̀kùn, ó wá ń gòkè gba àárín ẹrù kọjá, kó tó padà sídìí ẹ̀rọ lókè. Bí ibi kan bá ṣófo nílẹ̀, pàápàá lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á gbà jáde láìkan ẹrù. Ẹ gé páálí líle bo gbogbo ojú ilẹ̀ tí ẹrù ò bò. Páálí iṣu gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀ àti lókè, kí àwọn ihò náà sì bára dọ́gba bí ẹ bá tò wọ́n léra. Ìlà pupa kan wà lára ògiri nínú: ẹrù ò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Bí ẹ bá ń kó páálí 20 kílò, páálí 50 lórí pálẹ́ẹ̀tì (pẹpẹ igi tí wọ́n ń to páálí lé) kan, pálẹ́ẹ̀tì 20 nínú kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 40, 1,000 páálí ni, tọ́ọ̀nù 20. Igi pálẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ HT, àmì pé wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ẹ má tan ẹ̀rọ náà kí ẹ tó kó ẹrù sí i nínú ooru Kwara. Afẹ́fẹ́ ìta tó ní ọ̀rinrin á wọlé, á di omi lára ògiri, á sì di yìnyín lára ẹ̀rọ. Ẹ pa á bí ẹ bá ń kó ẹrù, ẹ tan án ní kété tí ilẹ̀kùn bá tì.

Ẹrù dídì ò gba ọ̀nà yìí. Ewédú, ẹ̀fọ́ tàbí ata lílọ̀ gbọ́dọ̀ ti dì dé −18°C ní àárín kí wọ́n tó wọlé. Ẹ tì ihò afẹ́fẹ́ pa, ẹ to páálí mọ́ra wọn láìsí àlàfo, nítorí afẹ́fẹ́ yóò yí ẹrù ká ni, kò ní gba inú rẹ̀ kọjá bíi ti iṣu. Fìrísà ilé kò tó fún iṣẹ́ yìí: ó ń dì díẹ̀díẹ̀, yìnyín ńlá ńlá á ya inú ewé, ewédú á sì yọ omi ṣàn bí ó bá yọ́. Wàrà Ìlọrin ńkọ́? Nàìjíríà ò sí lára orílẹ̀-èdè tí Yúróòpù ń gba wàrà àti ẹran lọ́wọ́ wọn, ẹ má wulẹ̀ náwó páálí lé e.

Lójú ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ ara tírélà ló ń gbé ẹ̀rọ náà. Ó ń mu dísẹ́ẹ̀lì bíi lítà 2 sí 4 ní wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kí dírẹ́bà pa á láti fi dísẹ́ẹ̀lì pamọ́, ẹ sì ṣírò ọjọ́ tó lè fi dúró lórí ìlà ní Àpápá mọ́ ọn, kì í ṣe ìrìn Ọ̀fà sí Èkó nìkan. Kí ìwé ti pé kí tírélà tó gbéra: ìforúkọsílẹ̀ NEPC (àjọ ìjọba tó ń rí sí ọjà tó ń lọ sókè òkun), fọ́ọ̀mù NXP (fọ́ọ̀mù ọjà òkèèrè tí à ń gbà ní báńkì), ìwé ẹ̀rí NAQS (àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn) pé ohun ọ̀gbìn náà kò ní àrùn. Iṣu tó ń dúró de ìwé ń dàgbà.

Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ooru sílẹ̀ sínú páálí kan ní àárín ẹrù, àti òmíràn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kọ̀ńténà fúnra rẹ̀ ń kọ ti afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kì í kọ ti iṣu. Bí ẹrù bá bàjẹ́ lọ́nà tí kò hàn síta, kí ẹni tó gbà á tètè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀, kí ẹjọ́ sì dé ilé ẹjọ́ kí àkókò tí òfin fàyè gbà tó kọjá.