“Ẹ Jọ̀ọ́” Kọ́ Ni “Mayday”

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ kíkọ́ àwọn awakọ̀ bàálù àti kọntiróla (àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀) tó ń sọ Faransé ní Gẹ̀ẹ́sì orí rédíò, ní Kútọnu níbí, ó pẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó yé èmi fúnra mi.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni mo ń kó fún wọn: ẹ́ńjìnnì tó kú, táyà tó bẹ́, ẹyẹ tó kọlu bàálù. Wọ́n há gbogbo rẹ̀ sórí. Lọ́jọ́ kan mo ṣe kọntiróla, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe awakọ̀. Mo ṣàdédé na ìwé pélébé sí i: òórùn burúkú kan ti gba inú bàálù, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń wá. Ó dákẹ́ lọ gbári. Òórùn kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fún un. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ wọn ní àpèjúwe. Bí o kò bá mọ orúkọ ohun tó bàjẹ́, sọ ibi tó wà, sọ ohun tó ń ṣe, sọ ohun tí o fẹ́. “Bad smell in the cabin, we want to land” ti tó. Òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ti ICAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú, gan-an fàyè gbà á. Ìpele kẹrin nínú mẹ́fà ló ti di dandan láti oṣù kẹta ọdún 2008 fún àwọn tó ń fò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ara ohun tí wọ́n sì ń wò níbẹ̀ ni bóyá èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn gba ẹ̀yìn èyí tí kò mọ̀ nígbà tí nǹkan àìròtẹ́lẹ̀ bá dé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àpèjúwe kò lè rọ́pò. Lọ́jọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1990, bàálù Avianca 52 ń bọ̀ láti Kòlóńbíà sí New York. Ojú ọjọ́ burú, wọ́n dá wọn dúró lójú sánmà fún nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 17. Awakọ̀ kejì tó di rédíò mú ní àwọn ń fẹ́ “priority”, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi tàwọn ṣáájú. Nígbà tí ìgbìyànjú àkọ́kọ́ láti balẹ̀ kùnà, ọ̀gá rẹ̀ ní kó sọ fún wọn pé pàjáwìrì ni. Ohun tó sọ ni pé epo ń tán lọ. Kò pe “Mayday”, ìpè tí awakọ̀ fi ń kéde pé ewu ńlá dé, kò pe “emergency”. Epo tán, bàálù já sí Long Island, èèyàn 73 kú nínú 158.

Mo máa ń ka ìtàn yìí fún wọn díẹ̀díẹ̀, mo sì máa ń dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà: èèyàn kì í là á mọ́ ẹni tó jù ú lọ lójú, a óò kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Ẹ máa gbọ́ “please, if possible” lẹ́nu wọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Ẹ gbà á lẹ́nu wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ “Mayday” lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n sọ “unable”, ìyẹn “kò ṣeé ṣe fún mi”, láìtọrọ gáfárà. Inú Faransé wọn náà ni Mayday ti wá, “m'aider”, ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo bá sọ èyí, ojú wọn máa ń là.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọjú síra wọn. Àga méjì, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, torí rédíò kò ní ojú tí èèyàn lè wò. Bí kọntiróla kò bá gbọ́, kó ní “say again”, kó má ṣe bí ẹni tó gbọ́.

Nínú kíláàsì mi, bí wọ́n bá ti pe Mayday, n kì í tún gírámà ẹnikẹ́ni ṣe. “We is losing oil” yé kọntiróla. Ó dìgbà tí táyà bá kan ilẹ̀ kí n tó mú ṣọ́ọ̀kì.