Kí Ẹ Tó Sáré Wá Ohun Tó Pín Nọ́ńbà Ńlá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìmọ̀ nọ́ńbà, iṣẹ́ méjì wà tí ẹ kò gbọdọ̀ dà pọ̀. Ọ̀kan ni kí ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà kan jẹ́ composite, ìyẹn ni pé ó tóbi ju 1 lọ, kì í sì í ṣe prime (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan lè pín láìṣẹ́kù). Èkejì ni kí ẹ rí àwọn olùpín rẹ̀ gan-an. Etí lè gbọ́ wọn bí ohun kan náà, àmọ́ ìṣòro wọn kò sún mọ́ra rárá.

Ẹ gbé 2 dé agbára 67, kí ẹ yọ 1 kúrò: 147573952589676412927. Ní 1876, Édouard Lucas, ará Faransé, fi hàn pé nọ́ńbà yìí kì í ṣe prime, bẹ́ẹ̀ kò mọ ẹyọ olùpín rẹ̀ kan. Ó di 1903 kí Frank Nelson Cole tó gbé wọn síta ní Amẹ́ríkà: 193707721 àti 761838257287.

Báwo la ṣe ń mọ̀ láìrí olùpín? Lucas ní ọ̀nà tirẹ̀, àmọ́ ìdánwò ti Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Bí p bá jẹ́ prime tó ju 2 lọ, tí ẹ gbé 2 dé agbára p − 1, tí ẹ sì fi p pín in, 1 ni yóò ṣẹ́kù. Bí ohun mìíràn bá ṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ ti parí, composite ni. Ẹ kò ní í kọ agbára yẹn sílẹ̀ tán o! Ẹ óò máa fi nọ́ńbà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ (bí 5 × 5), kí ẹ sì máa mú àṣẹ́kù tí ẹ bá fi p pín in nìkan. Fún nọ́ńbà oní-díjíìtì 617, kò ju bí ìgbà 2048 tí ẹ óò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká á ṣe é kíákíá.

Ṣùgbọ́n bí 1 bá ṣẹ́kù, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ fi ọwọ́ ṣe 341, ó dùn: 2 ní agbára 10 jẹ́ 1024, 341 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 1023, nítorí náà 1 ló ṣẹ́kù, 1 náà ni yóò sì ṣẹ́kù ní agbára 340. Síbẹ̀, 11 × 31 ni 341. Bí ẹ bá fi 3 dípò 2, 56 ni yóò ṣẹ́kù, àṣírí á sì tú. Ti 561 tún burú jù: nọ́ńbà yòówù tí ẹ bá lò, bí 3, 11 tàbí 17 kò bá ti pín in, 1 ni ẹ óò rí. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi í lo ti Fermat lásán. Miller-Rabin, ìdánwò tó gbé ti Fermat yẹn le sí i, ni mo máa ń lò.

Bí wọ́n bá wá ní kí ẹ rí olùpín, ẹ kọ́kọ́ wo ìrísí nọ́ńbà náà. Fermat rò pé 4294967297, ìyẹn 2 ní agbára 32 pẹ̀lú 1, jẹ́ prime. Ní 1732, Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, rí i pé 641 pín in. Prime yòówù tó bá pín in gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1 nígbà tí a bá fi 64 pín òun náà. Ẹ tò wọ́n: 193, 257, 449, 577, 641. Ìgbà karùn-ún ló bọ́ sí i! Ti Cole náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀: ẹ yọ 1 kúrò nínú 193707721, 134 yóò pín ìyókù gẹ́lẹ́.

Nígbà tí nọ́ńbà kò bá ní ìrísí pàtàkì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń le. RSA-250, nọ́ńbà oní-díjíìtì 250 tí wọ́n gbé kalẹ̀ kí àwọn èèyàn fi díje láti wá olùpín rẹ̀, kò fọ́ títí di 2020, ogunlọ́gọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì kó tì í.

Nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ ohun tí ẹ ń kọ sínú ìjábọ̀ yín. "Composite ni, a kò tíì mọ olùpín rẹ̀" jẹ́ àbájáde pípé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti 2 ní agbára 1048576 pẹ̀lú 1 ṣe wà di òní. "A kò rí olùpín tó kéré ju mílíọ̀nù kan lọ" kò sọ pé prime ni. "Ó yege ìdánwò" náà kò sọ bẹ́ẹ̀, àyàfi tí ìdánwò ọ̀hún bá jẹ́ èyí tó ń fúnni ní ẹ̀rí.