Orin alámọ̀ àti ètò tó ń kú mọ́ mi lọ́wọ́: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Mo ṣì ń yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú orin alámọ̀ tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá wa n'Ìkéré-Èkìtì. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé ohùn ni kò jẹ́ kó yá: ojú rẹ̀ á funfun, á dákẹ́ díẹ̀, á sì pa ara rẹ̀ dé. Lọ́sẹ̀ yìí, n ò tún nǹkan kan ṣe. Ẹ̀rí ni mo ń kó jọ.

Iná ni gbogbo ará ilé ń dá lẹ́bi, nítorí bátìrì mi kò gbé iná dúró mọ́. Àmọ́ Windows máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, inú Event Viewer, ibi tí Windows ti ń fi àkọsílẹ̀ náà hàn wá, ló sì wà. Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà kú lójijì, tó bá tún jí, á kọ Kernel-Power, nọ́ńbà 41, sábẹ́ System. Bó bá ṣe ètò kan péré ló kú, Application Error, nọ́ńbà 1000, lẹ máa bá lábẹ́ Application. 1000 ni mo bá, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, kò sì sí 41 kankan nítòsí wọn. Iná kọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjìgbò, l'Adó, ní, "Àbúrò, gbé e wá ká fọ́máàtì ẹ̀." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bá a bá fọ́máàtì ẹ̀, gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn á pa rẹ́." Wọ́n rò ó, wọ́n ní ó dáa, kí n kọ́kọ́ yẹ RAM wò, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Kóòdù tó wà nínú àwọn 1000 náà ni 0xc0000005: ètò náà fọwọ́ kan apá mẹ́mọ́rì tí wọn ò gbà á láyè láti fọwọ́ kàn. RAM tó ti bàjẹ́ lè fà á, ètò tí wọn ò kọ dáadáa náà lè fà á. Windows Memory Diagnostic, tó máa ń yẹ RAM wò, kò rí àbùkù kankan. Mo wá padà síbi tí wọ́n kọ Faulting module name sí, ìyẹn orúkọ apá ètò tí àṣìṣe náà ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn tẹjú mọ́. Bí RAM bá ń ṣe ségesège, orúkọ ibẹ̀ sábà máa ń yí padà. Tèmi ò yí padà rárá: fáìlì .dll kan náà ni, ti plugin, ìyẹn àfikún tí mo so mọ́ ètò náà láti fi gbá ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò.

Mo tún ń kọ ọ́ sínú ìwé bí ó bá ti kú: aago tó lù, fáìlì tó wà níwájú mi, bọ́tìnì tí mo tẹ̀ gbẹ̀yìn. Windows kì í bá èèyàn kọ ti bọ́tìnì yẹn.

Mo ti ṣí LocalDumps nínú registry, ibi tí Windows ń tọ́jú ètò iṣẹ́ rẹ̀ sí, kí ó lè máa tọ́jú dump, ìyẹn ẹ̀dà ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì nígbà tí ètò kú, sínú fódà CrashDumps. Mẹ́wàá ló máa ń fi síbẹ̀ bí èèyàn ò bá yí i padà. Ẹ má kàn fi dump ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni o, torí ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì lásìkò náà, títí kan páásíwọọ̀dù, lè wà nínú rẹ̀.

Dump àkọ́kọ́ ti wọlé láàárọ̀ yìí. Lọ́la, n ó yọ plugin náà kúrò, n ó sì gé orin kan náà láti ibi kan náà.