Bièvres lóṣù kẹfà: bí a ṣe ń yẹ kámẹ́rà oníkíká àtijọ́ wò kí owó tó kúrò lápò

Bièvres kò jìnnà sí Paris. Ìlú kékeré ni, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Paris ló wà, ọkọ̀ ojú irin sì ń dé ibẹ̀. Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti ń ná ọjà fọ́tò níbẹ̀ lọ́dọọdún, ní ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà. Ìta gbangba ni wọ́n ń pàtẹ sí, nítorí náà bí òjò bá ti rọ̀, ẹ fọwọ́ kan awọ kámẹ́rà kí ẹ tó dúnàádúrà. Ìlú yìí kan náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Musée français de la photographie wà, èyí tí Jean Fage àti André ọmọ rẹ̀ dá sílẹ̀. Bó bá ṣí lásìkò tẹ́ ẹ dé, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹni tó ti rí èyí tó pé yóò tètè mọ ohun tó sọnù lára èyí tó wà lórí tábìlì.

Ẹrù ọjà kò pọ̀: tọ́ọ̀ṣì tín-ínrín tó lè wọ inú kámẹ́rà, gíláàsì amúǹkan-tóbi, aṣọ dúdú tó lè bo orí àti èjìká, rúlà, àti kẹ̀kẹ́ fíìmù 120 àti 127 (nọ́ńbà ìwọ̀n fíìmù ni wọ́n) tó ṣófo, láti fi wò ó bóyá wọ́n wọ inú kámẹ́rà.

Nínú kámẹ́rà oníkíká, èyí tí iwájú rẹ̀ ń nà jáde tó sì ń ká padà sínú àpótí rẹ̀, Kodak ló máa ń pọ̀ jù. Folding Pocket Kodak jáde ní nǹkan bí ọdún 1898. No. 3A dé ní 1903, fọ́tò rẹ̀ sì tóbi tó káàdì ìfìwéránṣẹ́. Vest Pocket Kodak tẹ̀lé e ní 1912. Òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kì bọ àpò lọ sí Ogun Àgbáyé Kìíní. Lára ti Jámánì, Ikonta ló máa ń wọ́pọ̀: Zeiss Ikon, tí ilé iṣẹ́ mẹ́rin para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1926, ló gbé e jáde ní 1929. Nínú ara Kodak, ẹ wá ibi tí wọ́n tẹ ọjọ́ páténtì sí. Èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀ ń sọ pé wọn ò lè ṣe kámẹ́rà náà ṣáájú ọdún yẹn. Kò sọ ọdún tí wọ́n ṣe é gan-an, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á máa wí.

Idẹ tó ń dán kì í ya fọ́tò. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni irú fíìmù tí yóò jẹ. Fíìmù 120 ti wà láti 1901, wọ́n sì ń ṣe é títí dòní. Ti 127 ṣì ṣeé rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Wọn ò ṣe 116, 122 àti 620 mọ́. Ti 620 kò le: fíìmù kan náà ni òun àti 120, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló kàn tín-ín-rín jù. A lè ká 120 sórí kẹ̀kẹ́ 620 nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ méjì la nílò, torí náà kámẹ́rà 620 tí inú rẹ̀ ṣófo pátápátá ṣì ní gbèsè lọ́rùn. No. 3A, tó ń jẹ 122, lè gba 120 bí a bá fi ohun tó ń mú kẹ̀kẹ́ 120 gùn tó ti 122 sí etí kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àwòrán gígùn bí sẹ̀ǹtímítà 14 ni yóò jáde, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fíìmù kò sì ní bá a mu. Iye ìgbà tí a yí kọ́kọ́rọ́ tó ń ká fíìmù ni a óò máa kà.

Bí a bá ń ṣí i, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gba ilẹ̀kùn rẹ̀, kó má jábọ́. Ẹ fa iwájú rẹ̀, níbi tí lẹ́ǹsì wà, jáde lójú irin títí yóò fi kọ́, kẹ́ ẹ sì mì í díẹ̀. Bó bá ń ṣe gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n tàbí tó tẹ̀ sápá kan, ẹnì kan ti fipá pa á dé rí. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tí wọ́n fi ń bà wọ́n jẹ́ nìyí: wọn kì í dá iwájú padà sí ipò rẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Irin tó wọ́ nítorí èyí ṣòroó tò tààrà, lẹ́ǹsì kò sì ní kọjú sí fíìmù dáadáa mọ́, débi pé apá kan fọ́tò á hàn kedere, apá kejì á rí bàìbàì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan awọ kíká tó dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹ nà án tán, ẹ ki tọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ dúdú bo ara yín àti kámẹ́rà. Ẹ dúró díẹ̀ kí ojú yín mọ òkùnkùn lára, kẹ́ ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀. Igun ibi tí awọ ti ṣẹ́po ni ihò máa ń wà, torí ibẹ̀ ló ń gba ìfúnpọ̀ lójoojúmọ́. Ihò bíńtín méjì sí mẹ́ta kò ní kẹ́ ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀. Nílé, ẹ po ọ̀dà dúdú ti aṣọ mọ́ gúlúù funfun, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ sì fi í sílẹ̀ ní nínà mọ́jú. Pọ́dà díẹ̀ lórí rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra. Ẹ má ṣe lo téèpù: ó nípọn, kò ní jẹ́ kí kámẹ́rà pa dé, agídí tẹ́ ẹ bá sì fi pa á dé ni yóò wọ́ irin. Bí gbogbo igun bá ń tan bí ìràwọ̀, iye ẹwìrì tuntun ni kẹ́ ẹ yọ kúrò nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san.

Ṣọ́tà, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń pa kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, máa ń lọ́ra bí a kò bá lò ó fún ọdún pípẹ́, torí epo inú rẹ̀ ti gan. Ẹ gbé e sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, kẹ́ ẹ tẹ́tí: bó bá dúró lágbede méjì, ìdọ̀tí ni, ìyẹn sì ṣeé fọ̀. Lára ṣọ́tà Compur, tí ilé iṣẹ́ Deckel ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1912, iyára tó ga jù lọ ni a ń yàn kí a tó fa sípíríìngì rẹ̀. Bí a bá ti fà á tán kí a tó yí i, ó lè há. Ẹ má kán epo sí ewé ṣọ́tà, ìyẹn àwọn abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣí tó ń pa, láé. Ẹ má sì kàn sọ gbogbo rẹ̀ sínú epo láítà, nítorí àwọn kan nínú ti àtijọ́ ní ewé tí kì í ṣe irin.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni nọ́ńbà ihò ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kodak àtijọ́ ń lo ìwọ̀n U.S. (Uniform System), kì í ṣe ìwọ̀n f tí a ń lò lónìí. Níbẹ̀, 4 ni f/8, 8 ni f/11, 32 ni f/22, 64 ni f/32. 16 nìkan ló bá ara mu. Ẹni tó bá ka 4 sí f/4, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó rò ló máa wọlé, àwòrán orí fíìmù á sì fẹ́lẹ́, á ṣòroó tẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n jíjìnnà náà: ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi kọ ọ́ sára àwọn kan, mítà sì ni sára àwọn mìíràn.

Fèrèsé pupa ẹ̀yìn kámẹ́rà kò léwu fún fíìmù ayé ìgbà náà, torí kò mọ àwọ̀ pupa. Fíìmù ti ìsinsìnyí mọ̀ ọ́n. Ẹ fi téèpù dúdú bo fèrèsé náà, abẹ́ òjìji nìkan ni kẹ́ ẹ ti máa ṣí i. Ẹ máa ṣí kámẹ́rà jẹ́jẹ́, ìgbà tó bá ṣí tán ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká fíìmù síwájú: bí ẹwìrì bá nà lójijì, afẹ́fẹ́ á fa fíìmù sínú, kò sì ní tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́.

Kámẹ́rà Kodak tí wọ́n ń pè ní Autographic, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ní ilẹ̀kùn tóóró kan lẹ́yìn àti ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára fíìmù. Dọ́là 300,000 ni George Eastman, olùdásílẹ̀ Kodak, fi ra ọgbọ́n náà lọ́wọ́ Henry Gaisman tó hùmọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá yẹn ló máa ń sọnù jù. Bí ibi tí wọ́n ń fi í há bá ṣófo, ẹ dín owó tẹ́ ẹ fẹ́ san kù. Fíìmù rẹ̀ ti dópin láti 1932, torí náà ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ wà ní títì bí fíìmù lásán bá wà nínú rẹ̀.

Nígbà míì, fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọ̀ ṣì máa ń wà nínú kámẹ́rà. Ẹ má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lójà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí yóò fi tú, lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́ nínú òkùnkùn, ẹ fi rọ́bà dè é, kẹ́ ẹ sì wé e sínú fóìlì. Ní pápákọ̀ òfúrufú, ẹ̀rọ tuntun tó ń yẹ ẹrù wò lè bà á jẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ẹ pa á dé, ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Epo láítà ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú. Nígbà tẹ́ ẹ bá délé ni kẹ́ ẹ rà á.