Churchill ní oṣù Kọkànlá: ooru ni béárì funfun ń sá fún

Kò sí títì tó wọ Churchill, ìlú kékeré tó wà létí òkun Hudson Bay ní Kánádà. Láti ìlú Winnipeg, ẹ wọ bàálù, tàbí ọkọ̀ ojú irin tí ẹ máa sùn mọ́jú nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìparí oṣù Kẹwàá sí àárín oṣù Kọkànlá ló dáa jù. Ìgbà yẹn làwọn béárì funfun máa ń kóra jọ sétí omi, tí wọ́n ń retí kó dì. Tó bá ti dì tán, wọ́n á gba orí yìnyín lọ ṣọdẹ síìlì, ẹran inú òkun tí wọ́n máa ń jẹ.

Inú ọkọ̀ tí taya rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èèyàn lẹ máa wà. Àlejò sábà máa ń ráhùn pé béárì wọ̀nyí kàn ń sùn ṣáá. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́, ní nǹkan bí oṣù Keje, ni ọ̀pọ̀ wọn ò ti rí oúnjẹ gidi jẹ. Ọ̀rá ara wọn ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀mí ró. Èkejì ni pé tí wọ́n bá sáré, ooru á mú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ooru, nínú òtútù yẹn!

Inú ara béárì gbóná tó 37°C, bíi tèèyàn. Ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ lè nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Irun ìpele méjì tún wà lókè ọ̀rá yẹn: èyí tó kúrú tó sì dí pinpin mọ́ awọ, àti èyí tó gùn tó bò ó mọ́lẹ̀. Etí àti ìrù rẹ̀ kéré, kí ooru má baà ríbẹ̀ sá jáde. Nítorí náà, tó bá sáré díẹ̀, ooru á há sí i nínú. Èyí tí ẹ bá rí tó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó dojú ikùn dé yìnyín, ṣe ló ń wá bí ara rẹ̀ á ṣe tutù.

Ẹ fi awò awọ̀nàjíjìn wo imú àti ètè rẹ̀: dúdú ni. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ara rẹ̀ rí lábẹ́ irun. Irun náà ò ní àwọ̀ kankan, ihò ló wà nínú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fọ́n ká níbẹ̀ ló jẹ́ ká máa rí i ní funfun. Àwọn kan á sọ fún yín pé irun yìí ń fa oòrùn wọ inú awọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yẹ̀ ẹ́ wò, irọ́ ni.

Nínú omi, irun tó ti rin gbingbin ò fi bẹ́ẹ̀ dá òtútù dúró mọ́. Ọ̀rá ló kù. Ìdí nìyẹn tí òkun fi léwu fún ọmọ béárì, tí ọ̀rá ara rẹ̀ ò tíì nípọn. Àgbà tó bá jáde á gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì, á sì yí gbiri nínú yìnyín.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki kó má baà yọ̀. Níbi tí yìnyín bá ti fẹ́lẹ́, á ya ẹsẹ̀, á rẹ ara sílẹ̀, á máa wọ́.

Ní tiyín, ẹ má jẹ́ kí aṣọ òwú kan ara: òógùn kì í tètè gbẹ lára rẹ̀. Bátìrì kámẹ́rà máa ń tètè kú nínú òtútù. Ẹ fi èyí tó kù sápò abẹ́ aṣọ. Kí ẹ tó wọlé, ẹ di kámẹ́rà sínú náílọ̀n, kí omi má baà sé sí i lójú. Ẹ má sì dá rìn lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ará Churchill kì í fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́tò wọn, kí ẹni tí béárì bá lé lè ríbi wọ̀.