Oògùn tó ń falẹ̀

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń tì mí lójú jù, torí tí mo bá fi sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀ mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Odidi ọjọ́ 11 ni oògùn ìsoríkọ́ kan fi wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tí mi ò fọwọ́ kàn án. Dókítà ti kọ ọ́ fún mi, mo ti rà á, mo tiẹ̀ ti ka bébà gígùn tó wà nínú páálí ẹ̀ látòkè délẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ní ó lè ṣe fún èèyàn, ìrìndọ̀, orí fífọ́, ẹnu gbígbẹ, àìrí oorun sùn, oorun àsùnjù (báwo ni oògùn kan ṣe fẹ́ ṣe méjèèjì?), ni mo bá ká bébà yẹn padà, mo ti dúrọ́ọ̀ pa. Lójú tèmi, tí mo bá lè gbé horo kan ṣoṣo mì nínú ẹ̀, mo ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ nìyẹn pé orí mi ò pé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ ti pẹ́ tí nǹkan ti ń ṣe mí. Aago 4 ìdájí ni mo máa ń jí, oorun ò ní padà wá mọ́, màá kàn máa wo àjà ni. Mi ò sì sunkún o. Ìyẹn gan-an ló tàn mí jẹ, torí èrò mi ni pé ẹni tó bá ní ìsoríkọ́ gbọ́dọ̀ máa sunkún. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, gbogbo nǹkan kàn tẹ́ lẹ́nu mi ni. Kí n dìde lọ wẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ní kí n lọ ru òkè. Fóònù á máa dún, màá máa wò ó títí táá fi dákẹ́, ara á tù mí pé ó dákẹ́, kò ní pẹ́ ojú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí pé mi ò gbé e, màá wá ní màá pè wọ́n padà lọ́la, ọ̀la ọ̀hún ò sì ní dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rí oògùn yẹn níbi tí wọ́n ti ń wá ṣájà. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ni eléyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. "Ṣé o ti ń lò ó?" Mo dákẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n bu omi wá, wọ́n gbé ife kalẹ̀ níwájú mi, wọ́n wá jókòó tì mí bí ẹni tí kò ní ibi kankan tó ń lọ. Bí mo ṣe lo àkọ́kọ́ nìyẹn. Sertraline lorúkọ ẹ̀, mílígíráàmù 50, horo kékeré báyìí, mo wò ó pé ṣé eléyìí náà ló fẹ́ bá gbogbo ohun tó wà lórí mi jà.

Ohun tí mi ò gbọ́ dáadáa nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀ (orí mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà) ni pé oògùn yìí kì í ṣe bíi ti ẹ̀fọ́rí tó jẹ́ pé o lò ó, o sùn, o jí, ó ti lọ. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan kan, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 6 kí wọ́n tó lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Èyí tó wá burú ni pé wàhálà ẹ̀ kì í dúró de oore ẹ̀. Ọjọ́ kejì péré ni ìrìndọ̀ ti dé, mo ń yán láti àárọ̀ dalẹ́ láìjẹ́ pé oorun ń kùn mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àyà mi tún wá ń já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní ṣé ohun tí mo fowó rà nìyí?

Dókítà ti kìlọ̀ ohun kan fún mi ṣá, ìyẹn ni mo gbọ́, torí ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà yẹn. Wọ́n ní lára àwọn tí ò tíì pé ọdún 25, èrò àtipa ara ẹni lè pọ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀ oògùn yìí, pé tí irú ẹ̀ bá yọjú kí n má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, kí n pè wọ́n tàbí kí n sáré wá lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gba nọ́ńbà ẹnì kan tó sún mọ́ mi. Èrò yẹn ò wá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n pé ẹnì kan la ẹnu sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀, ìyẹn nìkan gbé nǹkan kan kúrò láyà mi.

Ní àwọn aago 4 ìdájí yẹn ni mo ń ka nǹkan lórí fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n ṣe ọ̀kan lára àwọn oògùn ìsoríkọ́ àkọ́kọ́ fún, iproniazid, ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1950, àwọn tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ló ṣàdédé ń túraká, àwọn dókítà wá ń wò wọ́n pé kí ló dé. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Tèmi náà, wọ́n ní kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ serotonin, òun ni sẹ́ẹ̀lì kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì, oògùn yìí ò ní jẹ́ kí wọ́n tètè fà á padà, á pẹ́ díẹ̀ láàárín wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ o, ara ni ò tètè gbọ́. Àwọn tó wá ń sọ pé serotonin ẹ kàn dín ni, pé wọ́n kàn fẹ́ rọ ọ́ kún bí epo mọ́tò, àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti ní ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mò ń fọ abọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ pé orin lò ń kọ?" Mi ò mọ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé inú mi wá ń dùn o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Gbèsè tí mo jẹ ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí mo ń wá, mi ò tíì rí i. Ó kàn jẹ́ pé mo lè ṣí lẹ́tà kí n kà á tán. Ó sì gba nǹkan lọ́wọ́ mi pẹ̀lú: ọ̀rọ̀ yàrá tutù pátápátá (kò sẹ́ni tó ń sọ èyí síta, bẹ́ẹ̀ ó wọ́pọ̀), ayọ̀ tó yẹ kó ga náà ń dúró ságbede méjì. Mo sọ fún dókítà, ojú ò tì wọ́n, wọ́n ní oògùn míì wà táa lè gbìyànjú tí kò bá lọ.

Oṣù kẹrin ni mo wá ṣe ọgbọ́n àgbọ́njù. Ara mi ti yá, kí ni mo tún ń lo oògùn sí? Mo dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Kó tó di ọjọ́ kẹta, òòyì, àlá burúkú, inú tó ń bí mi láìnídìí, tí mo bá sì yí ojú mi báyìí, á dà bí ìgbà tí iná mànàmáná ta mí nínú orí, ṣá! Mo rò pé ọpọlọ mi ti bàjẹ́ ni. Dókítà ní rárá, oògùn náà ló ti mọ́ ara lára, ìyàtọ̀ wà láàárín ìyẹn àti bárakú, torí mi ò pòùngbẹ ẹ̀, mi ò sì ń lò ó kún un. Wọ́n ní tí ara bá ti yá, ó kéré tán kéèyàn ṣì lò ó tó oṣù 6 sí i, torí àìsàn yìí ń padà wá, tó bá sì tó àkókò, díẹ̀díẹ̀ la máa ń dín in kù. Mo padà síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó sá kíláàsì.

Mo ṣì ń lò ó. Mo tún máa ń sọ ọ́ fún dókítà tó bá fẹ́ kọ oògùn míì fún mi, ìrora ni o, òtútù ni o, torí òun àti oògùn ìrora tó ń jẹ́ tramadol, àpẹẹrẹ kan, lè jọ da ara rú. Wọ́n máa ń bi mí pé títí dìgbà wo? Dókítà lẹ ó bi.

Ẹ má bínú, mi ò rò pé ọ̀rọ̀ yìí máa gùn tó báyìí, ṣùgbọ́n fóònù ti ń dún láti ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ jẹ́ n gbé e.